Ráútà Ń Kéde, Kọ̀ǹpútà Kò Gbọ́

Àwọn àgbà ní ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, àpò ṣòkòtò ló wà. Ọ̀rọ̀ wáífáì inú ilé la fẹ́ bá yín sọ lónìí, torí ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń gbé kọ̀ǹpútà lọ sí ìgboro, tí wọ́n ń sanwó àtúnṣe lórí àìsàn tí kò sí lára kọ̀ǹpútà náà rárá. Lóòótọ́, Yorùbá là ń kọ́, a kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n orí kọ̀ǹpútà ni iṣẹ́ Yorùbá wà lóde òní. Ibẹ̀ là ń kó ohùn tí a bá gbà lẹ́nu àwọn àgbà pamọ́ sí, ibẹ̀ la ti ń fi àmì sórí ọ̀rọ̀, ibẹ̀ náà la ti ń fi iṣẹ́ ṣọwọ́ sí olùkọ́. Bí kọ̀ǹpútà kò bá rí íntánẹ́ẹ̀tì, iṣẹ́ dúró nìyẹn.

Àwa mẹ́rin la jọ ń gbé ilé kan lẹ́yìn ọgbà ilé-ìwé. A jọ ń dá owó íntánẹ́ẹ̀tì lóṣooṣù, ráútà kan ṣoṣo ló sì ń pín in fún wa. ILE AYO la sọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì wa. Nítorí pé kò sí àmì ohùn lórí rẹ̀, àríyànjiyàn kò tíì tán lórí bóyá ilé ayọ̀ ni tàbí ilé ayò. Ẹni tó bá rí wa nídìí ọpọ́n lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì yóò mọ ibi tí òtítọ́ wà. Ní sáà tó kọjá, wọ́n gbé iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe kan fún wa pé kí a lọ gba ẹkún ìyàwó sílẹ̀. A lọ sí Ìsẹ́yìn, ìyá àgbà kan tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún sì fi ọjọ́ méjì gbáko sun ẹkún ìyàwó fún wa. Ó ń sinmi, ó ń mu omi, ó tún ń bẹ̀rẹ̀. Àwòrán àti ohùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gígábáìtì 30, orí kọ̀ǹpútà àgbélétan ọ̀kan nínú wa ni gbogbo rẹ̀ sì wà. Ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí a fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́ ni kọ̀ǹpútà yìí bá ní òun kò rí ILE AYO mọ́.

Ọ̀rọ̀ náà kọ́kọ́ fẹ́ di ìjà. Ẹni tó ni kọ̀ǹpútà kò tíì san owó tirẹ̀ lóṣù náà, ẹni tó ń gba owó jọ ló sì mọ páásíwọ́ọ̀dù tí a fi ń wọ inú ráútà. Ẹ mọ bí ọkàn èèyàn ṣe rí. "Ṣé kì í ṣe pé ẹ ti tì mí síta?" ni ẹni àkọ́kọ́ ń bi wá, ó ń fi ẹ̀rín bò ó. Ẹnì kejì fèsì pé òun kò fọwọ́ kan nǹkan kan, àmọ́ ojú rẹ̀ ti le. Àwa méjì tó kù bá dá sí i. A ní kí ẹnikẹ́ni má tíì dárúkọ ọ̀daràn, kí a kọ́kọ́ wádìí.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, a gbé kọ̀ǹpútà lọ bá bọ̀ọ̀dá kan tó ń tún un ṣe nígboro. Ó tẹ ibí, ó tẹ ọ̀hún, ó gbọ́ àlàyé wa. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, káàdì wáífáì rẹ̀ ló ti ń kú lọ. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ bá yín fọ́máàtì ẹ̀ ná. Tí kò bá gbọ́, a ó pààrọ̀ káàdì." Àyà wa já. Fọ́máàtì túmọ̀ sí pé gbogbo ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà yóò pa rẹ́, tòun ti ohùn ìyá àgbà. "Ẹ jọ̀ọ́, bọ̀ọ̀dá, ẹ má fọ́máàtì ẹ̀ o. Iṣẹ́ wa wà níbẹ̀." Kò bínú. Ó ní kí a lọ rò ó, kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa. Àwa náà kò lè sọ pé ó fẹ́ rẹ́ wa jẹ. Ráútà wa kò sí níwájú rẹ̀, fóònù wa kò bá a sọ̀rọ̀. Ẹnu kọ̀ǹpútà nìkan ló ti gbọ́ ẹjọ́. Ẹjọ́ wáífáì sì nìyí, ó kéré tán ẹni méjì ni í máa ń wà níbẹ̀: ẹni tó ń pè àti ẹni tó ń gbọ́.

Bí a ṣe délé, ohun àkọ́kọ́ tí a ṣe ni pé a kó ohun tó ṣeé kó. Fláàṣì tó wà nílé kò lè gba gígábáìtì 30, ṣùgbọ́n ó gba ohùn nìkan láìsí àwòrán. A kó ohùn sí i. Bí ẹ kò bá rántí ohun mìíràn nínú ohun tí a kọ yìí, ẹ rántí èyí: kí ẹnikẹ́ni tó fi ọwọ́ kan kọ̀ǹpútà tó ń ṣàìsàn, ẹ kó ohun tí kò ṣeé tún rí jáde kúrò nínú rẹ̀. Ìyá ẹni ọgọ́rin ọdún kò ní sun ẹkún ìyàwó lẹ́ẹ̀kejì nítorí káàdì.

Lẹ́yìn náà la wá jókòó ti ọ̀rọ̀. Àìsàn wáífáì pín sí mẹ́ta, àwọn èèyàn sì máa ń pa wọ́n pọ̀. Nínú ti àkọ́kọ́, orúkọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì hàn, a so pọ̀ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n íntánẹ́ẹ̀tì kò wọlé. Ẹ wo owó tí ẹ san, tàbí okùn tó wọ ráútà. Nínú ti kejì, orúkọ hàn, àmọ́ kò gbà kí a wọlé. Páásíwọ́ọ̀dù ló sábà máa ń fà á. Nínú ti kẹta, orúkọ kò tilẹ̀ hàn rárá. Tiwa nìyẹn. Ẹni tó bá ń yí páásíwọ́ọ̀dù padà fún àìsàn kẹta ń fi oògùn inú rírun wo ẹsẹ̀ dídùn.

Kí ló túmọ̀ sí pé orúkọ kò hàn? Wáífáì kì í ṣe idán. Ìgbì rédíò ni, ọmọ ìyá èyí tí ilé iṣẹ́ rédíò fi ń gbé ìròyìn sáfẹ́fẹ́, àmọ́ agbára tirẹ̀ kéré, kò sì lè rìn jìnnà. Ráútà dà bí akéde tó ń lu agogo. Ní nǹkan bí ìgbà mẹ́wàá láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan ló ń pe orúkọ ara rẹ̀: ILE AYO nìyí o, ILE AYO nìyí o. Kọ̀ǹpútà ni ará ìlú tó ń tẹ́tí. Kì í dúró sójú kan. Ó ń lọ láti àdúgbò dé àdúgbò, ó ń fetí sílẹ̀ díẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn èyí ló ń to orúkọ gbogbo akéde tó gbọ́ sójú rẹ̀ fún wa. Àwọn àdúgbò yẹn là ń pè ní ìkànnì. Nítorí náà, bí orúkọ kò bá hàn, ọ̀kan nínú nǹkan mẹ́ta ló ṣẹlẹ̀: akéde kò ké, tàbí olùgbọ́ ti di odi, tàbí akéde ń ké ní àdúgbò tí olùgbọ́ kì í dé.

A pe ẹlẹ́rìí jọ. Ẹlẹ́rìí àkọ́kọ́ ni fóònù wa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Gbogbo wọn rí ILE AYO. Kọ̀ǹpútà méjì mìíràn nínú ilé náà rí i. Ráútà ń ké nìyẹn, kò sí ẹ̀bi fún un. Ẹ wo bí ìbéèrè kan ṣoṣo ṣe lé ìdajì ọ̀rọ̀ lọ. Ká ní kò sí fóònù kankan tó rí i ni, à bá pa ráútà, à bá ka ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá, à bá tún un tàn, ọ̀rọ̀ ìbá sì lè parí síbẹ̀.

Ìbéèrè kejì la bi kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀: ǹjẹ́ o rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ẹlòmíràn? Ó rí i. Orúkọ àwọn aládùúgbò tò lọ rẹrẹẹrẹ lójú rẹ̀. Ọ̀kan nínú wa tan hotspot fóònù rẹ̀, kọ̀ǹpútà rí i lójú ẹsẹ̀, ó sì wọlé. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ bọ̀ọ̀dá wa ti kùnà. Káàdì tó ń kú kì í mọ ojú ẹni tí yóò kú fún. Bí ó bá gbọ́ ti gbogbo àdúgbò tí kò gbọ́ ti ilé rẹ̀, etí rẹ̀ kò di.

Ẹ lè ní, níwọ̀n ìgbà tí hotspot ti ṣiṣẹ́, kí ló dé tí a kò fi rán iṣẹ́ wa gba ibẹ̀? Dátà fóònù ni. Gígábáìtì 30 lórí fóònù akẹ́kọ̀ọ́ yóò jẹ owó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ méjì, ILE AYO sì rèé nílé tí a ti sanwó rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ síbí fún ẹni tí kọ̀ǹpútà tirẹ̀ kò rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kankan rárá, torí ọ̀nà tirẹ̀ yà kúrò lára tiwa. Ẹ kọ́kọ́ wo Airplane mode, bóyá ó wà ní títàn. Ọwọ́ ọmọdé tàbí ìka tó sáré lè tàn án. Ẹ wo ojú bọ́tìnnì òkè, bóyá ọ̀kan wà tó ní àwòrán òpó tàbí bàálù lórí. Ẹ tẹ̀ ẹ́ pọ̀ mọ́ Fn. Àwọn kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan ní ìyípadà kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ tó ń pa wáífáì. Àpò lásán lè sún un. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí Device Manager, kí ẹ wá káàdì wáífáì lábẹ́ Network adapters. Bí àmì ìkìlọ̀ aláwọ̀ ìyeyè bá wà lára rẹ̀, tàbí tí orúkọ rẹ̀ kò sí níbẹ̀ rárá, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé dírẹ́bà ló sọnù. Bẹ́ẹ̀ ni, dírẹ́bà ni wọ́n ń pè é. Ètò kékeré tó ń wa káàdì ni, bí ọkọ̀ bá sì dára títí tí kò sí dírẹ́bà, kò ní kúrò ní gáréèjì. Ẹ fi okùn tàbí fóònù gba íntánẹ́ẹ̀tì díẹ̀, kí ẹ lọ sí ojú ìwé ilé iṣẹ́ tó ṣe kọ̀ǹpútà yín, kí ẹ gba dírẹ́bà tó bá orúkọ rẹ̀ mu. Kò sí fọ́máàtì nínú gbogbo ìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí tiwa. A gbé kọ̀ǹpútà lọ sí ẹ̀gbẹ́ ráútà, bóyá ògiri ló ń dí i lọ́wọ́. Ilẹ̀kùn irin àti táǹkì omi a máa gbé ìgbì mì lóòótọ́. Àmọ́ bí wọ́n ṣe ń wo ara wọn lójú lórí tábìlì kan náà, kò rí i.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ ẹni tí wọ́n fura sí. A lè fi orúkọ káàdì kan sínú ìwé ẹ̀ṣẹ̀ ráútà, kí ráútà má gbà á wọlé mọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bá tì síta lọ́nà bẹ́ẹ̀ yóò ṣì máa gbọ́ agogo akéde. Yóò rí orúkọ, wọn kò kàn ní ṣílẹ̀kùn fún un ni. Bí wọ́n bá sì fi orúkọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì pamọ́, kò sí ẹni tí yóò rí i lójú fóònù rẹ̀ láìjẹ́ pé ó ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. A ní kí ọmọ ilé kejì tí kò wọ ILE AYO rí wo fóònù rẹ̀. Ó rí i kedere. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni kò ti ẹnikẹ́ni síta. A sọ ọ́ sókè kí gbogbo wa gbọ́. Ẹni tó ń gba owó jọ kò sọ nǹkan kan, àmọ́ òun ló dìde lọ se tíì fún wa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ohun kan ṣoṣo ló kù: akéde ń ké ní àdúgbò tí olùgbọ́ kì í dé.

Ráútà wa ń ké ní ọ̀nà méjì. Ọ̀kan ni GHz 2.4, èkejì GHz 5, a sì sọ èkejì ní ILE AYO 5G. Ẹ má ṣe pa 5G yìí pọ̀ mọ́ 5G ilé iṣẹ́ fóònù. Ìgbì GHz 5 ni wọ́n ń sọ. Ó yára ju èkejì lọ, ṣùgbọ́n ògiri tètè ń dá a dúró. Kì í sì í ṣe gbogbo káàdì ló ń gbọ́ ọ. Láti mọ ti kọ̀ǹpútà yín, ẹ ṣí Command Prompt, kí ẹ tẹ netsh wlan show drivers. Ẹ wo ibi tó kọ Radio types supported. Bí ẹ bá rí 802.11a, ac tàbí ax níbẹ̀, ó ń gbọ́ GHz 5. Bí ó bá jẹ́ b, g àti n nìkan ló wà níbẹ̀, GHz 2.4 nìkan ni tirẹ̀. Ohun tí kọ̀ǹpútà wa kọ nìyẹn: b, g, n. A ti mọ ìdí tí kò fi rí ILE AYO 5G láti ọjọ́ tó ti dé. Àmọ́ ILE AYO lásán ńkọ́, tó wà lórí GHz 2.4?

Níbí ni nǹkan ti dùn. Lórí GHz 2.4, àwọn ìkànnì tò tẹ̀lé ara wọn bí ilé lójú títì. Ìkànnì 1 wà ní MHz 2412, ìkànnì 2 wà ní 2417, márùn-ún-márùn-ún ni wọ́n ń lé títí dé ìkànnì 13 tó wà ní 2472. Ohùn ráútà kan sì fẹ̀ tó nǹkan bí MHz 20, nítorí náà àwọn tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ń bọ́ sí ara wọn lẹ́nu. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọ̀ ọ́n fi máa ń yan 1, 6 tàbí 11, tí wọn kì í kan ara wọn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo orílẹ̀-èdè ló ń lo gbogbo rẹ̀ bákan náà. Ní ilẹ̀ Yúróòpù àti ní ọ̀pọ̀ ibi láyé, ìkànnì 1 dé 13 ni wọ́n ń lò. Ní Amẹ́ríkà, 1 dé 11 ni ó wọ́pọ̀, àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ fún ọjà ibẹ̀ sì sábà máa ń ti 12 àti 13 pa nínú káàdì.

Ọ̀kan nínú wa gba áàpù kan sórí fóònù rẹ̀ tó ń fi ìkànnì tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kọ̀ọ̀kan wà hàn. Gbogbo àdúgbò rọ́ jọ sórí 1, 6 àti 11 bí èrò ọjọ́ ọjà. ILE AYO nìkan ló dá dúró lókèèrè, lórí 13.

A pe ẹ̀gbọ́n ọ̀kan nínú wa tó ń gbé ní Houston, òun ló fi kọ̀ǹpútà náà ránṣẹ́. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́ ma, ibo lẹ ti ra kọ̀ǹpútà yẹn?" "Houston níbí ni. Kí ló ṣe é? Ṣé ó ti bàjẹ́ ni?" "Rárá o, kò bàjẹ́. Ó kàn jẹ́ pé títí dé mọ́kànlá nìkan ló mọ̀ ọ́n kà." Ó rẹ́rìn-ín títí.

Ìbéèrè kan ṣì kù. Kí ló dé tó fi ń rí i tẹ́lẹ̀? Kọ̀ǹpútà yìí ti bá wa gbé fún oṣù márùn-ún, ẹ̀ẹ̀mejì péré ló sì ti ṣe irú rẹ̀ rí, tó tún rí i fúnra rẹ̀ kí a tó dé ìdí ọ̀rọ̀. Ìwé epo ló dá wa lóhùn. Nítorí owó epo jẹnẹrétọ̀ tí a jọ ń dá, a máa ń kọ ìgbà tí iná lọ àti ìgbà tó dé. A yẹ ìwé náà wò. Ìgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ILE AYO sọnù, ó tẹ̀lé ìgbà tí iná lọ tó sì padà dé. Ráútà wa wà lórí Auto. Bí iná bá ti tàn án padà, yóò wo àyíká, yóò sì yan ìkànnì tí èrò kò pọ̀ sí. Lọ́jọ́ tó bá yan 6 tàbí 11, kọ̀ǹpútà ará Houston ń gbọ́ ọ. Lọ́jọ́ tó bá lọ sí 13, ó di ẹni àwátì fún un. Ráútà kò ṣẹ̀, kọ̀ǹpútà kò ṣẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣe bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nílé.

Ìwòsàn rẹ̀ kò gbà tó ìṣẹ́jú márùn-ún. A wo abẹ́ ráútà, níbi tí àdírẹ́ẹ̀sì ojú ìwé rẹ̀ wà. Ó sábà máa ń jẹ́ 192.168.0.1 tàbí 192.168.1.1. A tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà mìíràn tó ti wà lórí ILE AYO. Ẹni tó ní páásíwọ́ọ̀dù wọlé fún wa. A lọ sí Wireless, a wá GHz 2.4, a rí Channel tí wọ́n kọ Auto síwájú rẹ̀. A yí i sí 11, torí pé áàpù fi hàn pé èrò ibẹ̀ kéré ju ti 1 àti 6 lọ. A tẹ Save. Iná ara ráútà ṣẹ́jú, gbogbo wa já kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tó padà, ILE AYO ti wà lókè pátápátá lójú kọ̀ǹpútà náà, àmì rẹ̀ kún fọ́fọ́.

Àwọn kan yóò ní kí ẹ yí orílẹ̀-èdè padà nínú kọ̀ǹpútà dípò ráútà. Inú ọ̀pọ̀ káàdì ni wọ́n ti tì í pa sí, kò ṣeé yí láti òde. Ráútà ló rọrùn láti bẹ̀. Ẹni tó bá sì ń gbé níbi tí àyè kò sí láti wọ inú ráútà, bí ilé onílé tàbí ilé ìtura, lè ra káàdì kékeré tí à ń kì bọ ihò USB, èyí tó ń gbọ́ GHz 5 pẹ̀lú. Yóò ṣì dín owó kù ju pé kí ó pààrọ̀ ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà.

Fún òru méjì ni fídíò ìyá àgbà fi ń gòkè lọ, nítorí ọ̀nà tí íntánẹ́ẹ̀tì ilé fi ń gbé nǹkan lọ kì í yára tó ọ̀nà tó fi ń gbé e bọ̀. A pín oorun sí ìṣọ́ bí àwọn ọdẹ, kí ẹnì kan lè wà lójúfò láti tan jẹnẹrétọ̀ bí iná bá lọ. Ó lọ lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí ráútà tàn padà, gbogbo wa sáré lọ wo ojú kọ̀ǹpútà. Ìkànnì 11 ló ṣì wà. Iṣẹ́ náà dé ọwọ́ olùkọ́ wa ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí wọ́n dá fún wa, ẹni tó jẹ owó oṣù sì san án lọ́jọ́ kan náà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tún bi í.

Èyí la rí kọ́: kọ̀ǹpútà tí kò rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé kì í ṣe òkú, ráútà tí ẹnì kan kò rí kì í sì í ṣe ọ̀tá. Ẹ tò ó báyìí. Ẹ kó ohun tó ṣe pàtàkì pamọ́. Ẹ béèrè bóyá ẹ̀rọ mìíràn rí i. Ẹ béèrè bóyá kọ̀ǹpútà náà rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì mìíràn. Ẹ gbé e sún mọ́ ráútà. Ẹ wo bóyá ó ń gbọ́ GHz 5. Ẹ wo ìkànnì. Ìbéèrè kọ̀ọ̀kan ń yọ ẹnì kan kúrò nínú ẹjọ́, bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí èyí tó ń ná yín ní kọ́bọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ra tòkunbọ̀ ní Computer Village ní Ìkẹjà, àti ẹ̀yin tí ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò òbí yín fi kọ̀ǹpútà ránṣẹ́ sí láti Amẹ́ríkà, ẹ má dúró de ìgbà tí ìdánwò bá dé. Ẹ wọ inú ráútà yín lónìí, ẹ yọ ọ́ kúrò lórí Auto, ẹ fi sí 1, 6 tàbí 11. Kí ẹ sì jẹ́ kí ẹni tí ẹ fẹ́ fura sí nínú ilé kọ́kọ́ se tíì ná. Ó dìgbà o.